Bí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Àwòṣe Ṣe Ń Fọ́ Láìròtẹ́lẹ̀, àti Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọ Kó Má Fọ́

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ ń kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì àwòṣe, ìyẹn rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi páálí àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, tí ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́tù tó ti ilé-iṣẹ́ wá ń tì lọ sókè, tí párásúùtì sì ń gbé padà sílẹ̀. Ohun tó máa ń ya àwọn tó ń kọ́ ọ lẹ́nu jù ni pé ó lè fò dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, kó wá fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà tí kò sí ohun kankan tí ojú rí pé ó yí padà lára rẹ̀. Èmi kò gbà pé ó ń ṣàdédé fọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó ti balẹ̀ kẹ́yìn ni ó ti sán, a kò kàn wò ó dáadáa ká tó tún gbé e sókè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni oríkèé tí ẹrù ń wọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, àti bí ẹ ṣe lè dán oríkèé náà wò nílẹ̀ kó tó di pé afẹ́fẹ́ dán an wò fún yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe po ẹ̀tù fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan pò ó. Ní ọdún 1954, Orville Carlisle, ẹni tó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan ká sì jù ú nù. G. Harry Stine, tó ń ṣiṣẹ́ ní White Sands níbi tí wọ́n ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá wò, rí i pé èyí lè gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń ki ẹ̀tù sínú páìpù irin nígbà náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu, àwọn méjèèjì sì jọ sọ ọ́ di mímọ̀. Ẹgbẹ́ National Association of Rocketry, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ṣì di ìlànà náà mú: ẹ́ńjìnnì ilé-iṣẹ́ nìkan ni kí a lò, kí a má fi irin ṣe orí, ara tàbí lẹbẹ rẹ̀ (àwọn pátákó pẹlẹbẹ tó yọ ní ìdí rẹ̀ bíi lẹbẹ ẹja), kí a fi wáyà àti bátìrì tan án láti ọ̀nà jíjìn, kí gbogbo ènìyàn sì dúró ní mítà 5 ó kéré tán bí ẹ́ńjìnnì kò bá ju D lọ, tàbí mítà 9 bó bá jù bẹ́ẹ̀ (lẹ́tà A, B, C, D ń sọ bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó, mo máa ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀). Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì tan, ẹ yọ wáyà kúrò lára bátìrì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ẹ ro ibi tí a wà náà. Pápákọ̀ òfurufú Gateway wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn, òpópónà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin sì gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Kò yẹ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan gbéra nítòsí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín, nítorí ẹ̀tù ni ẹ gbé dání, ojú ọ̀run sì ni ó ń lọ. Ìlànà tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ní kí pápá tí ẹ ó ti lo ẹ́ńjìnnì C fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 400 níbi tó ti fún jù, ìyẹn nǹkan bí mítà 120. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí igi kòkó àti wáyà iná yí ká lè má tó o.

Ìgbà mẹ́rin tí ẹrù ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn

Ìgbà àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, tó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ti òrùka tó dá a dúró nínú. Ìgbà kejì ni ìgbà tí ẹ̀tù ìtì bá fẹ́ tán, nítorí ìgbà yẹn ni eré rẹ̀ pọ̀ jù lọ, tí afẹ́fẹ́ sì ń tẹ orí, ara àti lẹbẹ rẹ̀ gidigidi. Ẹ fi í sọ́kàn pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó fò láìfarapa pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì A fi lè ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí ẹ bá ki C sínú rẹ̀. Ìgbà kẹta ni ìgbà tí ẹ̀tù kejì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì bá ti párásúùtì jáde tí okùn sì fà le lójijì. Ìgbà kẹrin ni ìbalẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ìbalẹ̀ ni ó ń dá ọgbẹ́ tí ìfò tó tẹ̀ lé e yóò fi pa rọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibùjókòó ẹ́ńjìnnì

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà dúró fún àpapọ̀ agbára: A kò ju 2.50 lọ nínú ìwọ̀n newton-ìṣẹ́jú àáyá (agbára ìtì ní newton, tí a fi iye ìṣẹ́jú àáyá sọ di púpọ̀), B kò ju 5 lọ, C kò ju 10, D kò ju 20. Nínú C6-5, 6 ni ìpíndọ́gba agbára ìtì ní newton, 5 sì ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò dúró lẹ́yìn tí ẹ̀tù ìtì bá tán kó tó ti párásúùtì jáde. Ìpíndọ́gba yẹn ni ó ń tan àwọn tó ń kọ́lé ẹ́ńjìnnì jẹ. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, agbára C6 ń ga dé nǹkan bí newton 14, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílò kan ààbọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lórí òrùka páálí kan ṣoṣo tí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Bí òrùka náà bá já, ẹ́ńjìnnì yóò gun inú rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè, yóò gba àárín párásúùtì, yóò sì gbé orí rẹ̀ jáde.

Bí a ṣe ń dán an wò rọrùn. Ẹ ki ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tó ti jó tán sí àyè rẹ̀, kó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ gbé e dúró lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní ilé ìdáná, kí ẹ wá rọra tẹ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ títí òṣùwọ̀n yóò fi kọ kílò mẹ́ta. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kékeré, tàbí bí ọ̀pá náà bá wọlé sí i díẹ̀, oríkèé náà kò tíì ṣe é gbé fò. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo fẹ́ràn níbí ju súpà gúlù lọ, nítorí ó ń wọ inú páálí, kì í sì í le gbagidi bíi súpà gúlù, tó ń sán bí ìjìgì bá bá a. Ẹ fún un ní wákàtí 24 kó tó gbẹ tán, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan kún un nígbà òjò.

Ìgbésẹ̀ kejì: lẹbẹ

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, nítorí lẹbẹ ni ó ń jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa tọ́ lọ, òun náà sì ni ó wà ní ìta gbangba lójú afẹ́fẹ́. Igi bálísà ni wọ́n ń lò ní òkè òkun, ṣùgbọ́n arère wà lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń la igi ní Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n dáadáa, ó fúyẹ́ láàárín àwọn igi ilẹ̀ wa, ó sì rọrùn láti gé. Ṣùgbọ́n arère wúwo ju bálísà lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gé arère ní nínípọn tí ìwé òkèèrè sọ fún bálísà yóò di ẹrù lé ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yóò sì yí ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́ nígbà tí eré rẹ̀ pọ̀ jù, tí ara rẹ̀ yóò fi kán ní àárín. Bí bálísà bá jẹ́ mìlímítà 3, ẹ gbìyànjú arère mìlímítà 2 fún rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, kí ẹ sì tún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wò bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀.

Ẹ wo iṣan igi kí ẹ tó gé. Iṣan gbọ́dọ̀ bá etí iwájú lẹbẹ rìn, kí ó ti ara páìpù jáde lọ sí ìta. Bí iṣan bá bá páìpù rìn lóòró, lẹbẹ yóò là láti ìdí nígbà àkọ́kọ́ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀ sórí ilẹ̀ líle. Lẹbẹ tó gùn jáde jù, tó sì fẹ́lẹ́, ní ewu mìíràn: bí eré bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbọ̀n náà yóò máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní sí lẹbẹ mọ́. Dídín gígùn rẹ̀ kù ni oògùn àkọ́kọ́. Ìkejì ni nínípọn: bí nínípọn bá di ìlọ́po méjì, líle lẹbẹ sí ìtẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìkẹta, tí mo fẹ́ràn jù nítorí kò fi ẹrù púpọ̀ kún un, ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ bébà ìkọ̀wé lásán mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ kó má baà wọ́.

Ní ti lílẹ̀ rẹ̀ mọ́ páìpù, ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ibi tí lẹbẹ yóò jókòó sí títí dídán páìpù yóò fi kúrò. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ sí ìdí lẹbẹ àti sára páìpù, ẹ jẹ́ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ fi òmíràn sí i kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Nígbà tó bá dúró dáadáa, ẹ fi ìka fa gọ́ọ̀mù gba igun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó tẹ̀ kọdọrọ láàárín igi àti páìpù. Ìlà gọ́ọ̀mù yìí ni ó ń pín ẹrù káàkiri, kó má baà wà lójú kan ṣoṣo. Fún ẹ́ńjìnnì D sókè, mo rò pé ó sàn kí ìdí lẹbẹ gba ojú ihò tóóró wọ inú páìpù lọ kan ibùjókòó ẹ́ńjìnnì.

Bí lẹbẹ bá já, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sún mọ́ ojú yín ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí awọ bébà páìpù bá bá a bọ́, tí ó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ káàkiri etí rẹ̀, gọ́ọ̀mù yín dára, páálí ni kò lágbára tó, lẹbẹ tó wọ inú páìpù ni ẹ nílò. Bí etí rẹ̀ bá dán, tí gọ́ọ̀mù ṣí kúrò lódidi bí èépá láìmú bébà kankan dání, ẹ kò ha páìpù tó, tàbí gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ tán. Bó bá jẹ́ pé igi gan-an ló là, tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lára páìpù, ẹ yẹ iṣan wò. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ pátápátá nìwọ̀nyí, ẹni tó bá sì kàn ń da gọ́ọ̀mù púpọ̀ sí gbogbo rẹ̀ kò tíì tún ọ̀kankan ṣe.

Ara páìpù àti irin ìtọ́sọ́nà

Páìpù tó bá ti ní wíwó, bó tilẹ̀ kéré, ti di aláìlera lójú ibẹ̀. Ẹ gé e kúrò kí ẹ so ó pọ̀ pẹ̀lú páìpù kékeré tó wọ inú rẹ̀, ẹ má kàn fi ọ̀dà bò ó. Irin ìtọ́sọ́nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbà gòkè sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 3, ó sì ń gùn tó sẹ̀ńtímítà 90. Ìpẹtà a máa mú un lọ́dọ̀ wa nítorí ọ̀rinrin, ìpẹtà náà sì ń di páìpù kékeré ẹ̀gbẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì mú títí yóò fi ya kúrò. Ẹ fi sáńpépà ha irin náà, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó fò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: orí, àti ohun tí òjò àti ọyẹ́ ń ṣe fún un

Ọ̀rọ̀ yìí kò jọ kókó nínú ìwé àwọn tó ń gbé ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ṣùgbọ́n fún wa, ó wà lára ohun tó ń fa ìfọ́ tí a kò retí jù lọ. Igi àti páálí ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, ọrùn orí rọ́kẹ́ẹ̀tì a wú, ẹnu páìpù a sì rọ̀. Orí tó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ilé lè há ní pápá lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ẹ̀tù kejì bá wá bú nígbà tí orí há, agbára náà gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn gbà: ó lè ti ẹ́ńjìnnì jáde láti ìdí, tí párásúùtì yóò sì kú sínú, tàbí kó ya páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì rẹ̀ ni. Ọrùn a sún kì, orí a sì tú. Nígbà tí ẹ̀tù ìtì bá tán, afẹ́fẹ́ yóò dá ara àti lẹbẹ dúró kíákíá ju orí lọ, orí yóò tẹ̀síwájú, rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì pín sí méjì lójú eré tí párásúùtì kò lè gbà.

Nítorí náà, ẹ yẹ ọrùn wò ní pápá gan-an kí ẹ tó gbé e sórí irin. Ẹ dorí rọ́kẹ́ẹ̀tì kodò, kí ẹ rọra gbọ̀n ọ́n: orí kò gbọdọ̀ já bọ́. Ẹ fi ìka méjì fà á: ó gbọ́dọ̀ jáde láìjà. Bó bá tú, ẹ fi téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò yí ọrùn rẹ̀ ká. Bó bá há, ẹ fi sáńpépà ha á. Ẹ fi ọ̀dà kun inú ẹnu páìpù àti ọrùn náà, nítorí ìta nìkan ni àwọn ènìyàn sábà ń kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: okùn àti ẹnu páìpù

Okùn tó so orí mọ́ ara ni ó ń gba ìjìgì ìgbà kẹta. Bí àkókò ìdádúró ẹ́ńjìnnì bá kúrú jù tàbí gùn jù, párásúùtì yóò ṣí nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń sáré lọ sókè tàbí tó ti ń sáré bọ̀ nílẹ̀. Bó bá ṣí ní eré mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá dípò mítà 5, ìjìgì náà jẹ́ ìlọ́po 36. Okùn yóò sì gé ẹnu páìpù láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ṣí síìpù. Bí ẹ bá rí irú ojú gígé bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bá páìpù jà, ẹ wo àkókò ìdádúró ẹ́ńjìnnì ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí okùn gùn tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn rọ́kẹ́ẹ̀tì ó kéré tán, ẹ fi súpà gúlù tó ṣàn kùn ẹnu páìpù kó le, kí ẹ sì fi téèpù yí okùn níbi tó ti ń fẹnu kan páálí. Lásítíìkì aránṣọ ṣeé lò, ṣùgbọ́n iná ẹ̀tù ń jó o díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á gùn kí ẹ wo ìdí rẹ̀ nínú páìpù. Bó bá ti dúdú, tó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, tàbí tí kò sún padà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bébà tí iná kì í mú ni kí ẹ fi sáàárín ẹ̀tù àti párásúùtì. Tíṣù lásán ń jó, kò sì ṣeé lò.

Ẹ́ńjìnnì tó bú

Ìgbà mìíràn wà tí kíkọ́ yín kò ní ẹ̀bi kankan, tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bú lórí irin. Ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ odidi tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá páálí. Bí ooru àti òtútù bá ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, odidi náà lè ṣí kúrò lára ọ̀pá tàbí kó sán, iná yóò sì ráyè jó ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju bí ọ̀pá ṣe lè gbà lọ. Ẹ má fi ẹ́ńjìnnì sínú búùtù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì lo èyí tó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Inú ìkòkò oníke tó ní ìdérí, nínú yàrá tó tutù, tí iná àti ọmọdé kò lè dé, ni ibi tó yẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdánwò àti kíka àfọ́kù

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2015, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti ilé-iṣẹ́ SpaceX fọ́ lójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú àáyá 139 lẹ́yìn tó gbéra. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀pá ìdábùú kan nínú táǹkì òkè, tó já lábẹ́ ẹrù tó kéré jìnnà sí iye tí wọ́n ní ó lè gbà, wọ́n sì kéde pé àwọn yóò máa dán irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí owó pọ̀ tó yẹn, kò yẹ kí ó nira fún wa láti tẹ lẹbẹ mẹ́ta pẹ̀lú ìka, láti fa okùn kan, kí a sì gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lé orí òṣùwọ̀n. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fò, ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ìbalẹ̀, nítorí ìbalẹ̀ ni ó ń fi ọgbẹ́ pamọ́ sí igun gọ́ọ̀mù. Ojú sísán máa ń fara hàn bí ìlà funfun tóóró nínú ọ̀dà, nígbà tí ẹ bá fi ìka ti lẹbẹ sí ọ̀tún àti òsì.

Bó bá ti fọ́, ẹ má ṣe sáré kó àfọ́kù jọ. Ẹ fi fóònù ya ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí ohun tó fúyẹ́ lè bá afẹ́fẹ́ lọ jìnnà. Bí ẹnì kan bá ti ń fi fóònù ká fídíò rẹ̀ ní ìrìn díẹ̀díẹ̀, ẹ wò ó láti mọ ohun tó kọ́kọ́ kúrò. Bí lẹbẹ bá kúrò kí ẹ̀tù ìtì tó tán, ìsopọ̀ rẹ̀ tàbí ìgbọ̀n ni. Bí lẹbẹ bá wà ní pípé tí páìpù kán ní àárín, ó ṣeé ṣe kí ó ti yí ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náà ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó padà sí pápá, nítorí gbogbo àtúnṣe ń fi ẹrù kún un. Ẹ ki ẹ́ńjìnnì tuntun sínú rẹ̀, kí ẹ fi okùn wá ibi tó ti dọ́gba, kí ẹ sì fi kálámù sàmì síbẹ̀. Ẹ gé àwòrán ẹ̀gbẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sára páálí ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá ibi tí páálí náà ti dọ́gba lórí etí rúlà. Ibẹ̀ ni ẹ lè fi ṣe ibi tí agbára afẹ́fẹ́ pàdé sí. Àmì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi fífẹ̀ páìpù kan ó kéré tán ṣáájú èkejì. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi amọ̀ díẹ̀ sínú orí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ so okùn gígùn mọ́ àmì àkọ́kọ́, kí ẹ jáde síta níbi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yípo lókè orí. Bó bá kọ orí síwájú, ẹ ki ẹ́ńjìnnì tó kéré jù nínú àwọn tó bá a mu sí i fún ìfò àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe.